Ẹ gbà mí o, tínà ti jẹ bọ́dì Supra mi

Ọmọ_Tanke
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin àgbà, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Jàpáánì ló fi mọ́tò oníke ránṣẹ́ sí mi, àwọn èyí tí èèyàn máa ń tò fúnra ẹ̀ yẹn, Toyota Supra, 1/24 (ìyẹn ni pé ojúlówó gùn jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́rìnlélógún), tòun ti ẹ́ńjìnì nínú. Inú mi dùn débi pé mi ò sùn lọ́jọ́ tó dé. Ọjọ́ méjì péré ni mo fi gé gbogbo ẹ̀yà ẹ̀ kúrò lára ọ̀pá ike tí wọ́n so wọ́n mọ́. Mi ò wá ní ọ̀dà, ni mo bá gbé bọ́dì lọ bá àwọn tó ń kun mọ́tò ládùúgbò wa, mo ní kí wọ́n bá mi fi pupa tó ṣẹ́kù nínú gọ́ọ̀nù wọn fín in. Wọ́n kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ṣe é, wọn ò tiẹ̀ gbowó. Kí n tó délé báyìí, orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ti ń wú bí ẹ̀kọ tó fẹ́ hó, ilẹ̀kùn ọ̀tún ti sán wẹ́wẹ́ bí ìsàlẹ̀ odò tó gbẹ, ibi tí kò sì sán, ó funfun bí ẹni da àtíkè sí i. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lọ́jọ́ náà o. Ṣé kí n kó o dànù ni àbí ó ṣì ní àtúnṣe? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bú mi.

Alfa_Oníke
Mi ò ní bú ẹ, ẹ̀rín ni mo kàn rín. Mọ́tò mi àkọ́kọ́, pẹtiróòlù ni mo fi nù ún kí n tó kùn ún, mo ní kí ọ̀rá ara ẹ̀ lè kúrò. Ọ̀rá kúrò lóòótọ́, tòun ti ibi tí iná iwájú ń jókòó sí.

Nǹkan méjì ló bá tìẹ jà, má dà wọ́n pọ̀. Èyí tó sán yẹn, tínà ló fà á. Ṣó o mọ fóòmù funfun tí wọ́n fi ń há tẹlifíṣọ̀n sínú páálí? Ta pẹtiróòlù sí i kó o wo bó ṣe máa yọ́. Polystyrene ni wọ́n ń pè é, òun náà ni ike mọ́tò ẹ, tiwa kàn ki ni. Irin ni wọ́n ṣe tínà ọ̀dà mọ́tò gidi fún, kò rí irin gbé ṣe, àmọ́ ike, ó máa jẹ ẹ́ wọnú. Wọn ò tún fi púráímà, ọ̀dà ìpìlẹ̀ yẹn, sábẹ́, wọ́n sì fín in lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó rin gbindin. Èyí tó funfun ní tiẹ̀, ọ̀rinrin ni. Tínà máa ń tètè gbẹ, bó ṣe ń gbẹ lọ yẹn ló ń mú ojú ibẹ̀ tutù, bó bá wá jẹ́ pé òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, omi inú afẹ́fẹ́ á sẹ̀ sórí ọ̀dà tí kò tíì gbẹ, àtíkè tó o rí nìyẹn.

Lọ ra bíréèkì ọ́ìlì, DOT 3, ìgò kékeré ti tó. Kọ́kọ́ fi ọ̀pá tó o gé nǹkan kúrò lára ẹ̀ dán an wò, kó o fi sínú ẹ̀ mọ́jú. Bí kò bá ṣe é ní nǹkan, wá abọ́ ike tó ní ìdérí, gbé bọ́dì sínú ẹ̀, da ọ́ìlì bò ó, ó dọjọ́ kejì. Wọ ìbọ̀wọ́ o, kò dáa fún awọ ara. Lẹ́yìn náà fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù ha ọ̀dà yẹn kúrò, kó o fi ọṣẹ abọ́ àti omi lílọ́wọ́ọ́ fọ̀ ọ́ dáadáa. Omi gbígbóná kọ́ ni mo wí, ike á ká kò. Ìgò ojú mọ́tò ò gbọdọ̀ débẹ̀ rárá.

Ibi tó sán ò ní fúnra ẹ̀ padà sípò ṣá. Ìyẹn di ọwọ́ sáńpépà.

Òmù-Àrán_Boy
Alfa ti parí ẹ̀. Tẹ̀ lé wọn.

Ọmọ_Lántànà
Lórí sáńpépà yẹn, ẹ jẹ́ kí n dá sí i torí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Bàbá tó bí bàbá mi, iyùn lántànà ni wọ́n ń ṣe nínú Ìlọrin níbí, òkúta pupa yẹn, wọ́n á máa yí i lórí òkúta mìíràn pẹ̀lú omi títí tí á fi máa dán bí ojú ẹyẹ. Mi ò bá iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ wọn, àwọn tó mọ̀ ọ́n ò pọ̀ mọ́ báyìí, àmọ́ bàbá mi sọ pé bí omi bá ti tán lórí òkúta, ẹ máa gbọ́ tí bàbá àgbà á kígbe pe ọmọdé. Bó ṣe yẹ kó o ṣe bọ́dì ẹ náà nìyẹn. Ra sáńpépà dúdú tó ń gba omi, èyí tí àwọn tó ń kun mọ́tò ń lò, 400, 600, 1000 àti 2000; bí nọ́ńbà ẹ̀ bá ṣe kéré tó ló ṣe ń ha nǹkan tó. Gé e wẹ́wẹ́, fi rọ́bà ìpàwérẹ́ sẹ́yìn ẹ̀ kí ìka ẹ má bàa gbẹ́ kòtò, máa kì í bọ omi. 400 fún ibi tó sán nìkan o, kó o máa fi ọwọ́ yí i róbótó, má tẹ̀ ẹ́. Bó o bá ti rí i pé ojú ibẹ̀ ti dọ́gba, bọ́ sórí 600, lẹ́yìn ẹ̀ 1000. Tọ́jú 2000 de ìgbà tí ọ̀dà bá ti wà lórí ẹ̀.

Etí bọ́nẹ́ẹ̀tì àti etí ilẹ̀kùn, fi í sílẹ̀, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jẹ. Àwọn ojú ìlà tó pín ilẹ̀kùn sọ́tọ̀ yẹn náà, fi ẹ̀yìn abẹ gbẹ́ ẹ jinlẹ̀ díẹ̀ kó o tó kun nǹkan kan, jẹ́jẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin, torí púráímà, ọ̀dà àti kíláà (ọ̀dà aláìláwọ̀ tó ń kẹ́yìn) ló máa wọnú ẹ̀. Bí ìlà yẹn bá dí, bọ́dì á dà bí ọṣẹ tí wọ́n ti fi wẹ̀.

Ọmọ_Tanke
Ẹ ṣé o, bàbá wa. Ibì kan wà lórí ilẹ̀kùn tó ti jẹ wọnú gan-an, ó tó kí n fi èékánná bọ ibẹ̀, sáńpépà ò lè dé ìsàlẹ̀ ẹ̀. Ṣé kí n fi body filler àwọn páńẹ́lì bítà dí i?

Alfa_Oníke
Má fi ṣe é, ó máa ń dá gúúrú lórí nǹkan kékeré báyìí. Ṣe ẹ̀kọ ike. Ṣó o ní góòmù olómi, irú Tamiya Extra Thin tí ìdérí ẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé? Bí ó bá ti lọ sí ìdajì, gé àwọn ọ̀pá ike yẹn wẹ́wẹ́ bí ilá, dà á sínú ìgò, dé e pa títí dọ̀la. Ó máa yọ́, á ki bí ògì. Góòmù yìí kì í lẹ nǹkan bíi ti súpà gúlú, ṣe ló ń yọ́ ike méjèèjì kí wọ́n di ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí ẹ̀kọ yìí fi máa ń di ara bọ́dì fúnra ẹ̀, ó sì tún máa bá àwọ̀ ẹ̀ mu. Fi ìtayín bù ú sínú ihò yẹn kó ga ju ojú bọ́dì lọ díẹ̀, torí á sún kì. Má fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé o máa fẹ́ fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ ẹ ti yé mi látìbẹ̀rẹ̀. Ṣí fèrèsé tó o bá ń ṣe é, òórùn ẹ̀ ò dáa.

Òmù-Àrán_Boy
Ní ti ọ̀dà, dúró de ọyẹ́ jàre. Afẹ́fẹ́ gbẹ nígbà náà, àtíkè kankan ò ní sẹ̀ sí i. Èmi kì í kun nǹkan láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹwàá mọ́.

Ìyá_Òfì
Ọyẹ́ kẹ̀? Ọmọ Òmù-Àrán, ṣé ilé yín ò ní fèrèsé ni? Èmi àtọmọ mi kun ọ̀kan nínú ọyẹ́, nígbà tó gbẹ, tá a fọwọ́ rá a, ó dà bí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́. Eruku pupa yìí kò ṣeé bá ṣeré. Bá a bá ní ká sọ òótọ́, ìgbà tó dáa jù ni ìgbà tí òjò ti ń lọ tí ọyẹ́ ò tíì dé, ìparí oṣù kẹwàá wọ oṣù kọkànlá. Ẹni tí kò bá lè dúró, kó ṣe é láàárín aago mọ́kànlá sí aago mẹ́ta ọ̀sán lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú, tí òjò ò rọ̀ láti àná.

Òmù-Àrán_Boy
Ìyá wa, ẹ má bínú, mo gbà fún yín. Àmọ́ eruku ṣeé bá jà, ọ̀rinrin ò ṣeé bá jà. Mo máa ń wọ́n omi sílẹ̀ yàrá, mo á pa fáànù, mo á bọ́ aṣọ (ẹ má rẹ́rìn-ín, ara aṣọ ni òwú ti ń jábọ́), bí mo bá sì ti fín in tán, báńbá ìfọṣọ ni mo ń dé lé e lórí.

Ìyá_Òfì
Báńbá yẹn dáa. Èyí tó kù, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àlejò wọlé bá ẹ.

Alfa_Oníke
Ẹ̀yin méjèèjì tọ̀nà. Ọmọ Tanke, ohun tó ṣe pàtàkì ju oṣù lọ ni bí ọ̀dà ṣe máa fúyẹ́ tó. Ṣírò ẹ̀ wò. Supra gidi gùn tó mítà 4.5 àti díẹ̀, tìẹ ò tó sẹ̀ǹtímítà 19. Mílímítà kan lára tìẹ, mílímítà 24 ni lára ojúlówó. Bí ọ̀dà ẹ bá wá nípọn tó ìdá márùn-ún mílímítà kan péré, ìyẹn dà bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀dà tó nípọn tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà kun mọ́tò gidi. Ta ló máa ra irú mọ́tò yẹn?

Nítorí náà, púráímà funfun tí wọ́n ṣe fún ike lo máa kọ́kọ́ fín. Funfun ni mo wí torí pupa lo fẹ́, pupa lórí eérú máa ń dà bí ẹ̀jẹ̀ tó ti dì. Lẹ́yìn ẹ̀ ni pupa. Èkíní, kó kàn dà bí ìgbà tí èèyàn mí sí i, wà á ṣì máa rí funfun lábẹ́ ẹ̀, má jẹ́ kó dùn ẹ́. Dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èkejì bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta ló máa bò ó. Bẹ̀rẹ̀ síí fín kó o tó dé orí mọ́tò, kọjá lórí ẹ̀, kó o tó dá ọwọ́ dúró, torí ibi tí ọwọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó dúró sí ni ọ̀dà ti máa ń tutọ́. Kíláà kẹ́yìn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, 2000 pẹ̀lú omi, lẹ́yìn náà rọ́bìǹ kọ́ḿpáùǹdù lórí aṣọ rírọ̀.

Ọmọ_Lántànà
Ẹni tó bá ní airbrush náà, ìbọn ọ̀dà kékeré tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ yẹn, kó má lọ so ó mọ́ kọ̀ḿpúrẹ́ṣọ̀ fọkanáísà báyẹn o. Mo dán an wò. Omi ló ń gbé inú táńkì wọn, ó ń pọ́ jáde bí itọ́ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mi. Afẹ́fẹ́ táyà tún ti pọ̀ jù, 15 sí 20 psi ti tó fún wa. Ẹ ra àsẹ́ omi kékeré tí wọ́n ń fi sójú rọ́bà ẹ̀, kẹ́ ẹ sì tú omi ìdí táńkì dànù kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ_Tanke
Bọ́dì ti wà nínú bíréèkì ọ́ìlì báyìí. Ilé ń rùn, màmá mi ti béèrè lẹ́ẹ̀mejì pé kí ni mò ń sè. Kó tó yọ, mo fẹ́ máa ṣe ẹ́ńjìnì lọ. Mo rí i nínú fídíò kan pé wọ́n máa ń fi wáyà tín-ín-rín ṣe wáyà pọ́lọ́ọ̀gì, mo ti tú wáyà inú ṣájà fóònù tó bàjẹ́, mo ti ṣe mẹ́fà, mo fẹ́ lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn lálẹ́ yìí.

Ríwáyà_OffaGarage
Dúró ńbẹ̀. Iṣẹ́ mi nìyí. Èwo nínú Supra ni, onítọ́bò ni (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ kún inú ẹ́ńjìnì) àbí èyí tí kò ní?

Ọmọ_Tanke
Onítọ́bò, ẹ̀gbọ́n. Tọ́bò méjì ló wà nínú páálí.

Ríwáyà_OffaGarage
Yáa kó wáyà ẹ padà. Ẹ́ńjìnì 2JZ-GTE nìyẹn, lítà mẹ́ta, sílíńdà mẹ́fà lórí ìlà kan. Kò ní wáyà pọ́lọ́ọ̀gì tí èèyàn lè rí lókè. Pọ́lọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan ló ní kọ́ìlì tiẹ̀ tó ń fún un níná, tó jókòó lé e lórí, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà láàárín orí ẹ́ńjìnì lábẹ́ ìdérí gígùn kan. 2JZ-GE tí kò ní tọ́bò, èyí àkọ́kọ́ ẹ̀, ìyẹn ló ní dìsìtíríbútọ̀ tó ń pín iná fún àwọn pọ́lọ́ọ̀gì àti wáyà tó tò lọ. Bó o bá lẹ wáyà yẹn mọ́ onítọ́bò, àwọn tí kò mọ̀ á yìn ẹ́, àmọ́ bí irú èmi bá rí i, mo á kàn wò ẹ́ lójú ni.

Wáyà tó o lè fi sí i wà dáadáa. Wáyà bátìrì, pupa kan dúdú kan, ìyẹn nípọn díẹ̀. Okùn wáyà tó ń lọ sídìí kọ́ìlì, dúdú ni, wọ́n ń di í pọ̀ ni, wọn kì í tú u ká bí irun. Páìpù omi rédíétọ̀, lo ìbòrí wáyà tó o bọ́, fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Wáyà tó bá tó mílímítà mẹ́jọ lára mọ́tò gidi, ìdá mẹ́ta mílímítà kan ló máa jẹ́ lára tìẹ, nítorí náà inú ṣájà fóònù dáa, àmọ́ tú u sí okùn kọ̀ọ̀kan, èèpo ẹ̀ nípọn jù.

Àti tọ́bò yẹn, má kun méjèèjì ní àwọ̀ fàdákà tó ń dán. Irin dídà ni, iná ń kọjá nínú ẹ̀. Eérú tó ti ń pọ́n díẹ̀ ni kó o ṣe é. Tọ́bò kan ló máa ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, bí ẹ́ńjìnì bá ti yí dé bíi ìgbà 4,000 ní ìṣẹ́jú kan ni ìkejì á wá dara pọ̀. Ìyẹn kì í hàn lára oníke, mo kàn fẹ́ràn àtimáa sọ ọ́ ni.

Alfa_Oníke
Ríwáyà, ó ti tó ọdún tó o ti ń sọ ọ̀rọ̀ tọ́bò yìí o 😂

Ìyá_Òfì
Ọmọ mi, gbọ́ tèmi lórí inú mọ́tò, torí ibẹ̀ làwọn ọkùnrin máa ń fi dúdú kùn tán tí wọ́n á ní ó ti parí. Bẹ́líìtì ìjókòó: tinú páálí, sítíkà ni, ó máa ń dà bí sítíkà. Wá ríbọ́ọ̀nù tín-ín-rín tàbí àjákù aṣọ tó tẹ́jú. Bu góòmù funfun àwọn káfíńtà, fi omi là á kó dà bí omi ẹ̀kọ, fi kùn ún, jẹ́ kó gbẹ, á le bí aṣọ tí wọ́n fi sítáàṣì sí. Ìgbà yẹn ni kó o fi rúlà àti abẹ tuntun gé e ní mílímítà méjì. Kò ní tú létí. Ìdí tí mo fi ní méjì ni pé bẹ́líìtì gidi ò ju bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ní fífẹ̀, ẹ fi 24 pín in. Má jẹ́ kó le gbagidi lórí ìjókòó, rọ̀ ọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ojú irin ẹ̀, fọ́ìlì tí wọ́n fi ń dì ẹran ni mo ń gé.

Kápẹ́ẹ̀tì: mú àjákù àrán dúdú, fi abẹ fá irun ẹ̀ sórí ìwé, ó máa dà bí eruku. Kun góòmù funfun sílẹ̀ mọ́tò, kù ú sí i, fi ìka tẹ̀ ẹ́ wẹ́rẹ́, tó bá gbẹ kó o gbọn èyí tó kù dànù. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é, ọmọ mi pa iná yàrá ó ń fi tọ́ọ̀ṣì wò ó láti ojú fèrèsé mọ́tò, ó ní "Màámi, ẹ wá wò ó, ó dà bíi pé ó ń gbóòórùn." Mi ò mọ bí nǹkan ṣe ń dà bíi pé ó ń gbóòórùn, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ní lọ́kàn.

Ọmọ_Tanke
Màmá, ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè kan: ọwọ́ ọ̀tún ni sitiárì ẹ̀ wà. Ṣé kí n gbé e sí òsì bíi tiwa?

Alfa_Oníke
Fi í sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń wà á ní Jàpáánì nìyẹn. Àwa náà, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 la ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí ọ̀tún títì ní Nàìjíríà, kó tó dìgbà yẹn òsì là ń gbà, sitiárì wa náà sì ń wà lọ́tùn-ún. Bó o bá gbé sitiárì, o gbọ́dọ̀ gbé dáṣíbọ́ọ̀dù, pẹ́dà àti wáípà iwájú pẹ̀lú. O ò ní ṣe é parí.

Òmù-Àrán_Boy
Ìgò ojú mọ́tò: má fi súpà gúlú lẹ̀ ẹ́, mo bẹ̀ ẹ́. Èéfín ẹ̀ máa ń dì sára ike tó mọ́. Mo lẹ tèmi lálẹ́, mo dé e, nígbà tí mo ṣí i láàárọ̀ ó ti rí bí ojú fèrèsé láàárín ọyẹ́, inú mọ́tò tí mo fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe, kò sẹ́ni tó rí i mọ́. Góòmù funfun Ìyá Òfì yẹn náà ni. Iná ẹ̀yìn, kun fàdákà sẹ́yìn ẹ̀, kó o tó fi pupa tó mọ́ kùn ún lójú, kì í ṣe pupa bọ́dì. Wo fọ́tò ojúlówó kó o mọ èyí tó jẹ́ ọsàn.

Sítíkà inú omi: rẹ ẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, fà á sórí bọ́dì tó ti lómi díẹ̀, má fi èékánná fà á.

Ríwáyà_OffaGarage
Táyà náà. Fi 400 fá ojú ibi tó ń kan ilẹ̀ kó má dán mọ́. Kò sí táyà tó ń dán níbi tó ti ń kan títì.

Ọmọ_Tanke
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Oṣù kọkànlá ti dé, ẹ jẹ́ kí n jábọ̀. Bọ́dì ti pupa. Mo fín in ní Sátidé, aago méjìlá ọ̀sán, oòrùn ń ràn, mo sì bọ́ aṣọ (àlejò wọlé, pásítọ̀ màmá mi ni). Ẹ̀kọ ike yẹn dúró lórí ilẹ̀kùn, mo fi ìka wá ojú ẹ̀ mi ò rí i mọ́, ìgbà tí mo bá tẹ̀ ẹ́ sí ìmọ́lẹ̀ nìkan ni mo ń rí bí òjìji kékeré kan níbẹ̀. Wáyà bátìrì ti wà níbẹ̀, wáyà pọ́lọ́ọ̀gì kò sí. Bẹ́líìtì òsì dáa, tọ̀tún gbòòrò díẹ̀.

Wàhálà tó kù ni pé dígí ẹ̀gbẹ́ kan ta kúrò lẹ́nu abẹ nígbà tí mò ń gé e, ó bọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì yàrá, mo ti wá a láti ìrọ̀lẹ́ àná.

Ìyá_Òfì
Pa iná. Fi tọ́ọ̀ṣì lélẹ̀ pẹlẹbẹ, kó máa tàn lọ lójú ilẹ̀. Òjìji ẹ̀ á gùn ju òun fúnra ẹ̀ lọ.

Ọmọ_Tanke
Mo ti rí i, màmá. Abẹ́ sílípáàsì àbúrò mi ló wà, ó ti tẹ̀ ẹ́ sí méjì.

Alfa_Oníke
Ṣé ẹ̀kọ ike ṣì kù nínú ìgò?